Igi Òro Tí O Kò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Mọ̀

Ìlọrà,
Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀.

Àkànní ọmọ mi,

Iṣẹ́ tíṣà tí o rí sí Ìmíní, Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí i. Ṣìfáwù tí o gbé níyàwó, ẹ ó jọ pẹ́ láyé. Ìkíni mi kò jù báyìí lọ lónìí, má bínú. Láti ìgbà tí o ti pè mí lánàá ni n kò ti fẹnu kan oúnjẹ. Ìyá rẹ bi mí bóyá ibà ló tún dé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ìgbà tí mo ti kí ìrun àsúbáà ni mo ti ń pè ọ́. Obìnrin inú fóònù ń sọ fún mi pé o ti pa á. Mo mọ̀ pé iná ni kò sí. Ìdí nìyí tí mo fi wá ìwé ilé-ìwé rẹ àtijọ́ jáde tí mo ń ya ewé inú rẹ̀. Kàmọ́rù ọlọ́kadà ń bọ̀ wá gbà á lẹ́yìn Jímọ̀, ó ní òun ó fi lé ọ lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ǹ bá mú un wá fúnra mi, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbé mi ṣubú lọ́nà Fìdítì ni mo ti búra pé n kò gun nǹkan náà mọ́ láyé mi.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ lánàá sọ, kí o lè mọ̀ pé etí mi kò tíì di. O ní o ra ìbọn lọ́wọ́ bàbá kan ní Akínmọ̀rín tí agbára rẹ̀ kò gbé igbó mọ́. O ní ọ̀la tó jẹ́ Sátidé kò sí ilé-ìwé. O ní o rí igi òro kan lẹ́yìn odò, tó ti ń so kí gbogbo òro tó so, pé o ti kan pákó mọ́ orí rẹ̀ láti máa ṣọ́ àgbọ̀nrín, àti pé ìdájí ọ̀la ni o ó gùn ún fún ìgbà àkọ́kọ́. Títí dé ibẹ̀ mo ń bá ọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdẹ ni ọ́, èmi kọ́ ni n ó sọ pé kí ẹran igbó má wù ọ́.

Ṣùgbọ́n o wá sọ ohun méjì. O ní, “Bàbá, àgbọ̀nrín ibí yìí léyín o! Ṣe ni wọ́n ń la kóró òro sí méjì.” Lẹ́yìn náà o ní, “Igi tèmi nìyẹn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n, àní títí kan ará ilé mi.” Mo ní, “Àkànní, dúró ná.” O rẹ́rìn-ín, o ní, “Ẹ̀rù ti ń ba ọdẹ àgbà!” Ibẹ̀ ni fóònù já sí.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ń bà mí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ fi hàn ọ́ lónìí, ó sì ń tì mí lójú, nítorí náà jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á.

Èkíní: mọ igi kí o tó mọ ìbọn.

O ní fóònù ló sọ fún ọ pé òro ni. O ya fọ́tò ewé rẹ̀, fóònù sì dárúkọ rẹ̀. Ó dára, ọ̀làjú ni. Ìwọ yìí náà lo pe igi iṣin ní igi kajú níwájú àwọn àna rẹ, tí Ṣìfáwù ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Orúkọ igi kò tó. Bàbá Ògúndélé tó kọ́ mi ní ọdẹ, olórìṣà Ògún ni, àwa sì jẹ́ ìmàle, ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa, kò sì sí ohun tó mọ̀ tó fi pamọ́ fún mi. Ọdún kan gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn. Ilẹ̀ ló ní kí n máa wò.

Ìyeyè, èèpo ara rẹ̀ máa ń rí págunpàgun, èso rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á sì kún ilẹ̀ nígbà òjò. Ẹtu fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹtu kì í fọ́ kóró ìyeyè, ó máa ń gbé e mì ni, tó bá wá dùbúlẹ̀ síbi tó ti ń jẹ àpọ̀jẹ, á máa pọ kóró náà sílẹ̀ ní mímọ́ tónítóní. Bí o bá rí òkìtì kóró bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igbó, ibi tí ẹtu ń sinmi sí lo rí yẹn, kì í ṣe ibi tó ti ń jẹun. Ọ̀pọ̀tọ́ kò ní àkókò kan pàtó, ariwo ẹyẹ ni yóò sọ fún ọ pé ó ti pọ́n.

Òro ní tirẹ̀, ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, èso rẹ̀ sì dà bí máńgòrò kékeré. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni. Ọ̀kan dùn, òjò ni tirẹ̀. Èkejì korò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bọ́. Igi méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè yà wọ́n. Àgbọ̀nrín kì í fi bẹ́ẹ̀ ya ìdí èyí tó korò. Èmi jókòó sórí òro kíkorò fún ìdájí mẹ́ta gbáko, èèrà nìkan ló wá bẹ̀ mí wò. Bàbá Ògúndélé gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Àlàbí, o tọ́ ọ wò kí o tó gun orí rẹ̀?” Mo ní rárá. Ó ní, “Àgbọ̀nrín ti tọ́ ọ wò.”

Nítorí náà, Àkànní, máa tọ́ nǹkan wò kí o tó jókòó tì í. N kò sọ ti òro nìkan. Ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà tí wọ́n fẹ́ràn rẹ jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, máa tọ́ ọ wò pẹ̀lú.

Èkejì: ka ohun tí ẹni tó jẹun ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti la ojú rẹ.

Bí ó bá jẹ́ àgbọ̀nrín ló jẹ òro, ẹran ara rẹ̀ ni yóò họ jẹ, ipa eyín rẹ̀ á fẹ̀, kóró á sì wà lódindi. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́, ihò kékeré ni yóò lu. Òkété á fi eyín gé ẹ̀gbẹ́ kan, á sì fà á lọ sí ẹnu ihò rẹ̀. Èyí tó là sí méjì dọ́gbadọ́gba, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ, tí èèpo rẹ̀ wà lójú kan náà bí ẹni pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀, ta ni o rò pé ó là á?

Kò sí ẹran igbó kankan tó ń la kóró òro sí méjì, Àkànní. Kò sí. Àdá ló ń là á. Obìnrin tó ń wá ààpọ̀n inú kóró náà tí yóò fi se ọbẹ̀ tàbí tí yóò tà ló jókòó sábẹ́ igi rẹ yẹn, ìdájí ló sì ń wá, kí ẹlòmíràn tó dé, ní wákàtí kan náà tí àgbọ̀nrín ń wá. Igi tí ẹranko ń jẹ èso rẹ̀, èèyàn náà ń jẹ ẹ́. Ohun tí o gbàgbé nìyẹn.

Má rò pé mo ń pè ọ́ ní òpè. Èmi náà rí èèpo tó là sí méjì bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo sì mọ ohun tó jẹ́, mo kàn fojú fò ó ni. Tèmi burú ju tìrẹ lọ.

Ẹ̀kẹta: màrìwò.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ fi ìbọn ṣọ́ igi tó ń so gbọ́dọ̀ so màrìwò tútù mọ́ ẹnu ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, kó ga tó ìbàdí, kó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá wá ṣa èso tó rí i, tó rí i pé ó tutù, á padà sílé, tàbí kó pariwo kí ọdẹ dá a lóhùn. Èyí tó bá ti gbẹ, ọdẹ ti kúrò níbẹ̀, kò sí ẹ̀rù. Lọ́jọ́ tí Bàbá Ògúndélé gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, kò kọ́ mi ní nǹkan kan ṣáájú èyí. Ó ní ọdẹ tí kò so màrìwò kì í ṣe ọdẹ, apààyàn tí kò tíì pa ẹnì kan ni.

Mo mọ̀ ọ́n, n kò sì so ó. Ìdí rẹ̀ ni pé màrìwò máa ń sọ fún obìnrin pé kó padà, ó sì máa ń sọ fún ọdẹ mìíràn pé ẹran wà níbí. Mo ti rí igi òro dídùn kan lẹ́bàá ọ̀nà Iware, tó ń so kí àwọn yòókù tó so, mo sì fẹ́ kó jẹ́ tèmi nìkan. Igi tèmi nìyẹn, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n. Ṣé o gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni.

Ìkùukùu ṣì bo ilẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà. Ìdájí kẹrin tí mo jókòó sórí igi yẹn nìyẹn, n kò tíì rí ìrù ẹran, ojú sì ń kán mi. Mo rí ohun pupa rúsúrúsú kan tó tẹ̀ sílẹ̀ nídìí igi, tó ń rọra ṣí kiri bí ẹran tó ń ṣa èso jẹ. Àwọ̀ àgbọ̀nrín gan-an ni. N kò rí orí rẹ̀. N kò rí etí rẹ̀. N kò wò ó pé ẹsẹ̀ mélòó ló ní. Mo yìnbọn.

Ohun tó ké lábẹ́ igi ni, “Yéè, ìyá mi o!”

Ẹranko kì í pe ìyá rẹ̀, Àkànní.

Wọ́n ti ń pe ìrun. Jẹ́ kí n lọ.

Mo ti dé láti mọ́sálásí. N kò lè sọ fún ọ ohun tí lèmọ́mù fi wáàsí lónìí. Mo tẹ̀, mo dìde, inú ìkùukùu yẹn ni mo wà.

Obìnrin náà, ìyá rẹ ni.

Mo ti kọ ọ́. Àwa méjèèjì kò tíì pé ọdún kan tí a ṣe ìgbéyàwó nígbà náà. Gbogbo ìgbà tí o bi í léèrè, kùkùté igi ló sọ fún ọ pé ó gbé òun ṣubú, tí ẹsẹ̀ òsì òun fi ń tiro. Kò sí kùkùté kankan. Ọta ìbọn mi ló wọ itan rẹ̀. Rántí ọjọ́ tí o wà ní kékeré, tí o ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, tí mo nà ọ́ títí tí àwọn ará ilé fi gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. O ti dàgbà tán kí o tó bi mí pé kí ló dé tí mo fi nà ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Kì í ṣe ìwọ ni mo ń nà.

Ní ìdájí yẹn, mo sọ fún un pé oko ẹ̀gẹ́ ni mò ń lọ. Òun náà sọ fún mi pé odò lòun ń lọ. Òun ti rí igi náà láyè ara rẹ̀, kò sì fẹ́ kí àwọn ìyálé ilé wa mọ̀, kí wọ́n má baà ṣa á tán. Orí ẹní kan náà la ti dìde, a pa irọ́ kéékèèké fún ara wa, a sì pàdé nídìí igi kan. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Mo gbé e pọ̀n dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúndélé. Ó wò mí, kò bú mi. Ó fi ewé dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ó sì wá mọ́tò tó gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí bàbá ìyá rẹ dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló ní òun ṣubú lórí kùkùté, kùkùté náà sì gún òun. Mo dúró níbẹ̀, mo jẹ́ kó purọ́ náà nítorí mi. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ jáde, ìyá rẹ ní, “Bí mo bá sọ ọ́, wọn ó gbà mí lọ́wọ́ yín.” N kò lérò pé obìnrin kan lè fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀, n kò sì rò pé mo tọ́ sí i títí di òní.

Mo dá ìbọn padà fún Bàbá Ògúndélé. Ẹ̀yin ọmọ mi ni mo sọ fún pé ojú mi ló ń ṣe bàìbàì tí mo fi fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀. Ojú mi kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ń bá ìyá rẹ ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ẹ̀karùn-ún, n kò mọ èyí tí mo kà dé mọ́. Má yìnbọn sí àwọ̀. Má yìnbọn sí ariwo. Rí orí, rí etí, ka ẹsẹ̀ rẹ̀ kó pé mẹ́rin. Ẹran tí o kò rí dáadáa, jẹ́ kó lọ, òro á tún so. Má yìnbọn nítorí pé o ti pẹ́ lórí igi, pípẹ́ kọ́ ló ń pa ẹran. So màrìwò rẹ, jẹ́ kí gbogbo ọdẹ Ìmíní mọ̀, kí wọ́n wá bá ọ pín in. Sọ ibi tí ò ń lọ fún aya rẹ kí o tó jáde, kó sì jẹ́ òótọ́. Bí o bá sì fẹ́ ṣe mí lóore, tú pákó yẹn kúrò lórí igi kí o dá ìbọn padà fún bàbá tó tà á. N kò lè pàṣẹ fún ọ, tíṣà ni ọ́, ọkọ ìyàwó ni ọ́. Mo ń bẹ̀ ọ́ ni.

Ibẹ̀ ni mo rò pé ìwé yìí yóò parí sí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n kọ ọ̀rọ̀ tó kan ìyá rẹ láìjẹ́ kó gbọ́. Mo pè é, mo kà á fún un láti òkè délẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí, kò dáwọ́ dúró, kò sì wò mí. Nígbà tí mo kà á tán, ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù.

Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́.” Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó ní, “Bàbá Àkànní, ẹ ní igi tí Àkànní rí ń so kí àwọn yòókù tó so?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó gbé ọ̀rá kékeré kan jáde. Ó da ohun inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ààpọ̀n ni. Ààpọ̀n tuntun, kò tíì gbẹ tán. Òro kan kò tíì bọ́ ní Ìlọrà, kò tíì bọ́ ní Fìdítì. Mo bi í pé níbo ló ti rí i.

Ó ní, “Ṣìfáwù ló gbé e wá fún mi nígbà tó wá kí wa lọ́jọ́ Ajé. Mo bi í pé ‘níbo lo ti rí òro nísinsìnyí?’ Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Màmá, ẹ má bi mí o. Èmi nìkan ni mo mọ igi yẹn. Mi ò tíì sọ fún ọmọ yín gan-an.’” Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ọlọ́hun forí jì mí, mo bá a rẹ́rìn-ín.”

Àkànní, n kò fi ìwé yìí rán Kàmọ́rù mọ́. Ó ti dé, ó ń fọn fèrè lóde. Ìyá rẹ ti wé gèlè, ó ti gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ní kò sí ẹni tí yóò fi òun sílẹ̀. Lórí ọ̀kadà, èmi ni n ó wà láàárín, òun ni yóò wà lẹ́yìn, mo fi ọ̀rọ̀ ìbúra mi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Mo ṣì ń mú ìwé yìí dání, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá dé iwájú rẹ, ẹnu mi kò ní lè sọ ọ́. N ó na ìwé náà sí ọ, n ó sì jókòó.

Nígbà tí o bá kà á dé ibí, gbé ojú sókè. Èmi ni mo jókòó yẹn. Má tíì bi mí ní nǹkan kan, má sì tíì wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Pe Ṣìfáwù jáde. Sọ fún un ibi tí igi rẹ wà, kí òun náà sọ fún ọ ibi tí tirẹ̀ wà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlàbí.